Ojú Lọ̀rọ̀ Wà, Kò Sí Nínú Sẹ́ńsọ̀

Àṣà kan ti gbòde láàrin àwọn ayafọ́tò wa, ó sì yẹ kí a tako ó kí ó tó sọ ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́mọ di onígbèsè. Oníbàárà tí ó fẹ́ ya fọ́tò ọjọ́ ìbí tàbí ti ìdána kì í sọ mọ́ pé, “Ẹ jẹ́ kí n rí iṣẹ́ ọwọ́ yín.” Ohun tí ó ń bèèrè ni pé, “Ṣé full-frame ni kámẹ́rà yín?” Bí ayafọ́tò bá ti dáhùn pé rárá, ojú tí a fi ń wò ó yí padà. Ọ̀dọ́ tí ó mọ iṣẹ́ á wá tìtorí ìbéèrè yìí lọ yá owó èlé. Mo ní kò yẹ bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíya ojú ènìyàn, full-frame kò tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè.

Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ gan-an? Sẹ́ńsọ̀ ni ohun pẹlẹbẹ inú kámẹ́rà tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé. Òun ni ó gba ipò fíìmù àtijọ́. Èyí tí a ń pè ní full-frame fẹ̀ ní mílímítà 36, ó sì ga ní mílímítà 24. Ìwọ̀n yìí kò ti ọ̀run wá. Oskar Barnack, ọmọ Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Leitz nílùú Wetzlar, ni ó mú fíìmù sinimá, tí ó sì sọ ààyè àwòrán méjì lórí rẹ̀ di ẹyọ kan, kí kámẹ́rà lè kéré tó ohun tí a ń mú káàkiri. Kámẹ́rà Leica tí ó ti ibẹ̀ jáde bọ́ sọ́jà ní 1925. Ìwọ̀n tí a yàn nítorí ìrọ̀rùn ni àwọn kan wá sọ di òṣùwọ̀n ọgbọ́n iṣẹ́. Sẹ́ńsọ̀ inú kámẹ́rà GFX ti Fujifilm sì tóbi jù ú lọ, mílímítà 44 sí 33 ni. Bí “full” bá túmọ̀ sí pé ó pé, kí ni a ó wá pe ìyẹn?

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. N kò ní purọ́ mọ́ irinṣẹ́ náà. Sẹ́ńsọ̀ APS-C, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 23.5 sí 15.6. Full-frame tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gbà pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ náà, bí gbogbo nǹkan yòókù bá dọ́gba. Nínú gbọ̀ngàn òru tí iná kò tó, tí kò sì sí àyè fíláàṣì, fọ́tò APS-C á tètè máa rí hóró hóró bí ẹni pé a da gààrí sí i, nígbà tí ti full-frame á ṣì máa dán. Ẹni tí ó ń fi àríyá òru jẹun ní ìdí láti rà á. Ṣùgbọ́n fọ́tò ojú ènìyàn yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tí à ń yà jókòó síbi tí a ní kí ó jókòó sí, ayafọ́tò ni ó sì ń pinnu ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò gbà wá. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti tó, àǹfààní ńlá yẹn di ohun tí ojú lásán kò lè rí.

Ohun tí wọ́n fi ń jà jù ni ẹ̀yìn fọ́tò tí ó rí bàìbàì, tí ojú ẹni tí a yà sì hàn kedere. Wọ́n ní full-frame ni ó ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Fífẹ̀ ihò tí lẹ́ǹsì fi ń gba ìmọ́lẹ̀ ni à ń rí bí a bá fi nọ́ńbà f rẹ̀ pín nọ́ńbà mílímítà rẹ̀. Lẹ́ǹsì 85 tí ó jẹ́ f/1.8, tí wọ́n fẹ́ràn lórí full-frame, ní ihò tí ó tó mílímítà 47. Lẹ́ǹsì 56 tí ó jẹ́ f/1.2, tí Fujifilm ṣe fún APS-C, ní ihò tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílímítà 47 bákan náà. Bí ayafọ́tò méjì bá dúró síbì kan náà, tí ọ̀kan lo èyí, tí èkejì lo tọ̀hún, ohun kan náà ni wọn yóò rí, ẹ̀yìn fọ́tò wọn yóò sì rí bàìbàì bákan náà. Lẹ́ǹsì ni ó ṣiṣẹ́, ìyìn wá lọ sọ́dọ̀ sẹ́ńsọ̀. Ẹni tí kò lágbára lẹ́ǹsì 56 náà lè ra 50 f/1.8 olówó pọ́ọ́kú, kí ó sì ní kí ẹni tí ó fẹ́ yà rìn kúrò lára ògiri ní ìgbésẹ̀ mẹ́fà. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà náà, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ wá wo ibi tí fọ́tò ń parí sí. Sẹ́ńsọ̀ APS-C tí ó ní megapixel 24 ń ya àwòrán tí ó fẹ̀ ní píkísẹ́lì 6,000. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ní píkísẹ́lì 300 sí ínǹṣì kan, yóò fẹ̀ tó ínǹṣì 20, èyí tí ó tó gbé kọ́ sí pálọ̀. Lórí Instagram, tí ọ̀pọ̀ oníbàárà ń kó fọ́tò wọn lọ, píkísẹ́lì 1,080 ni fífẹ̀ tí à ń rí. Ta ni ó wá fẹ́ fi ojú mọ ìwọ̀n sẹ́ńsọ̀ lórí fóònù?

Ọ̀rọ̀ owó ni ó mú mi gbé kálámù. Nígbà tí Sony A7 III jáde ní 2018, 2,000 dọ́là ni wọ́n pè é. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tí dọ́là kan ṣì jẹ́ nǹkan bíi 460 náírà lọ́jà ìjọba, iye yẹn kò tó mílíọ̀nù kan náírà. Nígbà tí dọ́là kọjá 1,500 náírà ní 2024, 2,000 dọ́là kan náà ti di mílíọ̀nù mẹ́ta. Ẹni tí ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ, tí ó jẹ́ 70,000 náírà ní 2024, yóò ṣiṣẹ́ ju oṣù 42 lọ láìjẹ, láìmu, kí ó tó pé, a kò sì tíì dárúkọ lẹ́ǹsì. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n.

Ìmọ̀ tí ó yẹ kí ọ̀dọ́ náà fi owó àti àkókò rẹ̀ kọ́ wà nílẹ̀. Òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ inú kámẹ́rà máa ń fẹ́ fa gbogbo nǹkan sí àwọ̀ eérú. Bí ìyá àgbà tí ó dúdú bá wọ léèsì funfun, tí ó wé gèlè funfun, kámẹ́rà lè rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, kí ó dín in kù, kí ojú ìyá sì ṣókùnkùn bí ìdí ìkòkò. Full-frame ń ṣe àṣìṣe yìí bí APS-C ti ń ṣe é. Ayafọ́tò tí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe. Òun náà ni yóò mọ̀ pé fèrèsé tí a ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí, pẹ̀lú pátákó funfun kan ní òdìkejì, lè mú kí awọ dúdú dán bí ìṣáná ìmọ́lẹ̀ ti kàn án.

J.D. ’Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968. Ó dolóògbé ní 2014, lẹ́yìn tí iṣẹ́ rẹ̀ ti dé ìpàtẹ Biennale nílùú Venice ní 2013. Àwòrán dúdú àti funfun ni, tí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ láìsí ohunkóhun, débi pé gbogbo ìlà irun ni à ń kà. Ohun tí ó fi borí ni ojú tí ó mọ ohun tí ó ń wá, àti sùúrù láti máa wá a fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Wọn yóò ní oníbàárà ni ó ń bèèrè. Bí oníbàárà bá bèèrè, iṣẹ́ ni kí ẹ gbé sílẹ̀ níwájú rẹ̀: fọ́tò mẹ́wàá tí a tẹ̀ sórí bébà, kí ó wò ó, kí ó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ yé bèèrè orúkọ ìkòkò lọ́wọ́ ẹni tí ń se ọbẹ̀. Ẹ tọ́ ọbẹ̀ wò. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ fọ́tò, ẹ kọ́ wọn ní ìmọ́lẹ̀ kí ẹ tó fi ọ̀nà ilé ìtajà hàn wọ́n. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá ti pọ̀ tó láti ra full-frame láìyáwó, kí wọ́n rà á. Títí di ọjọ́ náà, kámẹ́rà tí ó wà lọ́wọ́ wọn kò tíì tán nílò.