Ike Oògùn Kò Lè Dá Ọjọ́ Orí Padà

Lóṣù tó kọjá, màmá mi fi fọ́tò ike oògùn kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹni tó ń tà á ní ó máa ń mú kí tẹlomíà gùn, pé ara wọn á dà bíi ti ọmọ ogún ọdún. Iṣẹ́ alẹ́ ni màmá mi ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, owó alẹ́ kan gbáko sì ni ike kan. Wọ́n ní, "Ìwọ lo wà ní yunifásítì, ṣé òótọ́ ni?"

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, òun ló jẹ́ kí irọ́ náà ṣeé tà. Inú sẹ́ẹ̀lì wa ni kúrómósómù wà, tẹlomíà sì ni ìṣẹ́tí rẹ̀, bí télọ̀ ṣe ń ṣẹ́ etí aṣọ kó má baà tú. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ṣe ń pín sí méjì ni ìṣẹ́tí náà ń kúrú. Ní 1961, Leonard Hayflick fi hàn pé lẹ́yìn bí ìgbà 50, sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kì í pín mọ́. Ní 1984, Carol Greider àti Elizabeth Blackburn rí telomerase, ẹ́ńsáìmù tó ń tún ìṣẹ́tí náà ṣe. Àwọn àti Jack Szostak gba ẹ̀bùn Nobel ní 2009.

Olóògùn kò sọ pé nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì àgbàlagbà, ńṣe ni ara pa telomerase tì. Nínú bíi jẹjẹrẹ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ó ti jí padà, ìdí nìyẹn tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kì í fi í sinmi. Jẹjẹrẹ pa Henrietta Lacks, obìnrin aláwọ̀ dúdú, ní Baltimore ní 1951. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gé lára rẹ̀ láìgbàṣẹ ṣì ń pín títí dòní. Inú wọn ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí telomerase ti ènìyàn ní 1989. (Inú ń bí mi nígbàkigbà tí mo bá rántí ìyẹn.) Ṣé nǹkan tó yẹ kéèyàn máa fi ike rà nìyẹn?

Àwa ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun ni mo ń bá wí. Yorùbá ni olóògùn fi polówó ọjà rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé la fi ń dá àwọn òbí wa lóhùn. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, màmá mi kàn ní "ó dáa" ni. Ìgbà tí mo dé orí ìṣẹ́tí aṣọ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè.

Wọn ò ra á mọ́. Àmọ́ àbúrò wọn ti ra ike mẹ́ta. Mo máa pè wọ́n ní Sátidé.