Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ìfun, Ẹ Má Tètè Pe Obìnrin Ní Àgàn

Ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ìyàwó tí oyún rẹ̀ pẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fura sí. Bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ ìfun fún un rí, wọ́n á ní ọ̀bẹ ti ba ilé ọmọ jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ulcerative colitis, egbò inú ìfun ńlá tó ń mú èèyàn yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó wà. Bí oògùn kò bá kápá rẹ̀, wọ́n lè gé ìfun ńlá kúrò, kí wọ́n fi ìfun kékeré ṣe àpò dípò rẹ̀, bí Parks àti Nicholls ṣe gbé e jáde ní London ní 1978. Ilé ọmọ ṣì wà níbẹ̀ digbí. Àpá inú ló ń lẹ̀ mọ́ ọ̀nà tí ẹyin ń gbà, tó sì ń dí i. Ewu pé oyún á pẹ́ kì í ṣe kékeré rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ olójú ihò kékeré ń dín in kù. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun tó dá ìfun lu, èyí tó wọ́pọ̀ jù níbí, lè fa irú àpá bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí dókítà sọ gbogbo èyí fún ọmọbìnrin kó tó gbé ọ̀bẹ. Bí oyún bá pẹ́, kí tọkọtìyàwó jọ lọ ṣàyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun (UNIOSUN), Òṣogbo. IVF, tí wọ́n ń so ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ níta ara, kò nílò ọ̀nà ẹyin tó ti dí. Láti 1989 ni wọ́n ti ń fi í bímọ ní Nàìjíríà.