Ẹ̀tù Súfà, Egbò Iná àti Káńtà Kẹ́míìsì ní Kakuri

Ní Kakuri, àdúgbò gúúsù ìlú Kaduna tí iléeṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles ti sọ di ibùdó àwọn òṣìṣẹ́ láti ọdún 1957, kẹ́míìsì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ sáré lọ bí irin bá gé wọn tàbí tí omi gbígbóná bá bó wọn lára. Kápúsù tẹtirasaikilíìnì aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò ni wọ́n sì sábà máa ń rà bọ̀, tí wọn yóò tú u, tí wọn yóò da ẹ̀tù inú rẹ̀ sójú egbò. Àṣà yìí kò dára, ìtàn oògùn súfà, tí wọ́n ti da ẹ̀tù rẹ̀ sójú egbò bẹ́ẹ̀ rí, sì ti fi ìdí rẹ̀ hàn láti nǹkan bí 80 ọdún sẹ́yìn.

Súfà ni orúkọ àpapọ̀ fún ìdílé oògùn kan tí kì í jẹ́ kí bakitéríà, ìyẹn kòkòrò àrùn, rí àyè pọ̀ sí i. Gerhard Domagk, tó ń ṣiṣẹ́ fún Bayer ní Jámánì, ló gbé ìwádìí lórí Prontosil, àkọ́kọ́ wọn, jáde ní 1935, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì sì dé, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń gbé ẹ̀tù súfà kiri láti bù ú sí ọgbẹ́. Láti ara èròjà kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní PABA ni bakitéríà ti ń pèsè fólétì, fítámìnì tí kò lè ṣe aláìní; súfà sì jọ PABA débi pé kòkòrò náà ń gbé e dípò rẹ̀, tí iṣẹ́ á sì dúró. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé PABA gidi wà nínú ọyún àti nínú ẹran ara tó ti kú, nítorí náà egbò tó gbọyún ń bọ́ kòkòrò tí ẹ̀tù ń gbìyànjú láti febi pa. Yàtọ̀ sí èyí, ara ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n bù ú sí kọ̀ ọ́, tí awọ wọn ń yún, tó ń lé ròrò, bí wọ́n bá sì tún pàdé súfà lọ́jọ́ mìíràn, ìyọnu náà lè le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn dókítà pa ẹ̀tù náà tì.

Èyí tó kù ní ọjà ni ìpara funfun silver sulfadiazine, tí Charles Fox gbé jáde ní 1968, tó so súfà pọ̀ mọ́ fàdákà fún egbò iná. Ìpara yìí máa ń fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo ojú egbò, tí ojú aláìmọ̀kan ń rí bí ọyún, tí nọ́ọ̀sì sì gbọ́dọ̀ nù kúrò kó tó lè mọ bí iná ṣe jó jinlẹ̀ tó. Kò yẹ ọmọ tuntun tàbí aboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé, nítorí súfà lè dá kún ibà pọ́njú ọmọ. Àwọn ìwádìí tuntun sì fi hàn pé ó lè fa ìjinná egbò tí kò jìn sẹ́yìn. (Oyin ṣe dáadáa jù ú lọ nínú àwọn ìwádìí kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oyin tí wọ́n fi ṣúgà lú kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.)

Kí wọ́n tó ta ìpara yìí, ìbéèrè kan ṣoṣo, “Ìyá, ṣé ara yín ti kọ oògùn Septrin tàbí Fansidar rí?”, kò yẹ kó wọ́n lẹ́nu ẹni tó ń ta oògùn, nítorí inú ìdílé súfà ni àwọn méjèèjì ti wá. Omi tútù tó ń ṣàn fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú ló yẹ kó ṣáájú ìpara èyíkéyìí, kì í ṣe ẹyin tútù tàbí ọṣẹ ìfọyín. Egbò iná tó bá sì wà lójú, tàbí tó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ọ̀dọ̀ dókítà ni, kì í ṣe orí káńtà.