Ta ló sọ àgùntàn wa di kékeré?

 Ọ̀rọ̀ yìí lè bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́.

Bí Iléyá bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, àgbò ẹlẹ́sẹ̀ gíga tí wọ́n fi ọkọ̀ kó wá láti Nìjẹ̀ àti Burkina ni olúkúlùkù ń wá. Tiwa, àgùntàn kúkúrú tí àwọn Faransé ń pè ní Djallonké, wọ́n ní kò kún ojú. Ta ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀?

Àwa náà ni. Abo bí ìbejì, akọ méjì. Èyí tó tètè dàgbà, tí àyà rẹ̀ fẹ̀, la máa ń tà kó tó gun abo kankan. Èyí tó rán, tí oníbàárà kò yà sí, ló ń ṣẹ́ kù sílé, òun náà ló ń gun ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Àgbàdo tó yọmọ jù là ń so sókè àjà fún irúgbìn, a kì í sè é jẹ. Ti ẹran wá ṣe jẹ́?

Àwọn kan ní kí a mú àgbò Sahel wá gun abo wa, ó tán. Lóòótọ́, ọmọ rẹ̀ máa ń tóbi, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹran ilẹ̀ gbígbẹ ni. Malanville lókè lọ́hùn-ún ló bá a lára mu. Tiwa ti bá eṣinṣin tsetse gbé pẹ́ débi pé àìsàn tí eṣinṣin náà ń kó ranni kì í tètè borí rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ gíga kò ní agbára yẹn. Ọ̀kan nínú wa fi owó èésú ra ọ̀kan, òjò kan kò dá lórí rẹ̀. (Ẹ má bi wá pé ta ni, ojú ń tì í.) Bí a bá wá da gbogbo agbo pọ̀ tán, níbo la ó ti rí ojúlówó mú padà?

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ bi àwọn aáfà yín. Àléébù tí Ànábì kà ni ojú fífọ́, àìsàn, arọ àti rírù tó ti kọjá ààlà. Kò sí kúkúrú níbẹ̀.

Ní Côte d'Ivoire, ní 1983 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan: wọ́n yan ọmọ àgbò Djallonké tó dàgbà jù nínú agbo àwọn olùsìn, wọ́n sì fi í gun abo. Àgùntàn kúkúrú yìí kan náà ni o.

Bí o bá ní abo márùn-ún péré, fi àgbò rẹ tó dára jù sílẹ̀ di ẹ̀ẹ̀mí-ìn. Bó bá gùn wọ́n tán, tà á, tàbí kí o fi ṣe pààrọ̀ pẹ̀lú ti aládùúgbò kó má baà gun ọmọ ara rẹ̀. Ẹni tó bá ní àgbò gidi ní Kétu tàbí Ṣábẹ, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Àwọn abo kan wà ní Pobẹ̀ tí ń wá ọkọ.