Òfin Ló Gbẹ́ Kòtò Tí Àwọn Àgbà Ń Jìn Sí

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru ọjọ́ 22, oṣù Kọkànlá, ọdún 2003, ilé aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í dìbò lórí àbá òfin kan tí yóò mú kí Medicare, ètò ìlera àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65, máa dá sí owó oògùn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni irú ìdìbò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbà. Wọ́n ṣí èyí sílẹ̀ fún wákàtí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mẹ́ta, nítorí nígbà tí àkókò tó, àwọn tó gbé àbá náà wá kò tíì ní ìbò tó. Wọ́n ń lọ bá àwọn ọmọ ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rọ̀ wọ́n, títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ìbò 220 gbà á, 215 kọ̀ ọ́. Ààrẹ George W. Bush fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 8, oṣù Kejìlá.

Mo mú ọ̀rọ̀ òru yẹn wá nítorí pé láàárín àwa Yorùbá tó ń gbé ní Houston, Maryland àti Chicago, bí a bá ń sọ̀rọ̀ owó oògùn àtọ̀gbẹ, a máa ń sọ ọ́ bí àmúwá Ọlọ́run. Àgbà ṣiṣẹ́ títí, ó fẹ̀yìn tì, àìsàn dé, oògùn wọ́n, kí la fẹ́ ṣe sí i? Èmi kò gbà. Àwọn èèyàn kan ló jókòó kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n dìbò sí i, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ó yẹ kí wọ́n dáhùn fún un.

Ohun tí òfin náà ṣe nìyí nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní ọdún 2006. Àgbà á kọ́kọ́ san 250 dọ́là látàpò ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìnṣọ́ránsì á máa san ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, òun á máa san ìdá kan tó kù, títí àpapọ̀ owó oògùn rẹ̀ lọ́dún náà á fi di 2,250 dọ́là. Ibẹ̀ ni ìnṣọ́ránsì ti ń yọwọ́. Kọ́bọ̀ kan kò ní tọ̀dọ̀ wọn wá mọ́ títí owó oògùn náà á fi di 5,100 dọ́là. Gbogbo 2,850 dọ́là tó wà láàárín, ọrùn aláìsàn ni, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò dẹ́kun gbígba owó ìnṣọ́ránsì oṣooṣù lọ́wọ́ rẹ̀. Kòtò yìí ni àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ sí donut hole.

Ta ló ń jìn sí i? Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan ṣoṣo kò ní débẹ̀. Alátọ̀gbẹ ni yóò débẹ̀, torí àtọ̀gbẹ kì í dá wá. Oògùn ṣúgà wà lọ́tọ̀, ti ẹ̀jẹ̀ ríru wà lọ́tọ̀, ti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wà lọ́tọ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ojú àti ti kídìnrín. Bó bá sì rọ́nà jáde kúrò nínú kòtò náà kí ọdún tó parí, oṣù Kìn-ín-ní á dé, gbogbo rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Ohun kejì tí wọ́n kọ sínú òfin yẹn burú ju kòtò lọ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mínísítà ìlera kò gbọ́dọ̀ dá sí ìdúnàádúrà láàárín àwọn tó ń ṣe oògùn àti àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Ìjọba ló ń sanwó, àmọ́ òfin ní kò gbọ́dọ̀ béèrè pé èló ni jálẹ̀. Kò sí ìyálé ilé kan tó ń ná ata ní ọjà Bódìjà tí yóò gbà kí wọ́n fi irú òfin bẹ́ẹ̀ dè é. Ẹnikẹ́ni ò sì lè sọ pé ìjọba Amẹ́ríkà kò mọ bí wọ́n ṣe ń ná ọjà, torí láti ìgbà òfin ọdún 1992 ni wọ́n ti ń gba ẹ̀dínwó tó jọjú lórí oògùn àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n kàn fi òfin de ọwọ́ ara wọn nígbà tó kan olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti awakọ̀ tó fẹ̀yìn tì.

Billy Tauzin láti Louisiana, alága ọ̀kan lára àwọn ìgbìmọ̀ tó darí àbá náà nílé aṣojú-ṣòfin, kúrò nílé ní ọdún 2005. Ibo ló gbà lọ? Ó lọ di olórí PhRMA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn ńláńlá. N kò ní láti fi ohunkóhun kún ìyẹn.

Àwọn àgbà wa kì í sọ ọ́ jáde. Bí ọmọ bá pè láti ìlú míì, ohun tí wọn yóò sọ ni pé, “Ara mi dá, ọmọ mi, mo dúpẹ́ fún Ọlọ́run.” Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n á fi ọ̀bẹ gé hóró oògùn sí méjì. Wọ́n á fo ọjọ́ kan. Ìgò ínsúlínì tó yẹ kí wọ́n jù nù lẹ́yìn ọjọ́ 28, wọ́n á fà á kọjá bẹ́ẹ̀. Ìtìjú wà nínú rẹ̀, torí ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ rán ọmọ ẹlòmíràn níléèwé kò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ owó oògùn lọ́wọ́ ọmọ tirẹ̀. Àwọn mìíràn á fún omi ewúro mu. N kò bá ẹni tó ń mu ewúro jà, mo fẹ́ràn rẹ̀ nínú ọbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ kò ṣe ínsúlínì mọ́, kò sí ewé kankan tó lè rọ́pò rẹ̀, àti pé ẹni tó bá sọ fún un pé ó wà ń pa á lára.

Níkẹyìn, ẹsẹ̀ á dégbò, ojú á ṣókùnkùn, kídìnrín á kọṣẹ́. Láti ìgbà òfin ọdún 1972 ni Medicare ti ń sanwó ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kídìnrín rẹ̀ kọṣẹ́, bí onítọ̀hún kò tilẹ̀ tíì pé ọmọ ọdún 65. Ìjọba tó yọwọ́ nínú owó oògùn tí kì bá jẹ́ kí kídìnrín bàjẹ́, òun náà ló tún ń sanwó ẹ̀rọ nígbà tó bàjẹ́ tán. Ẹni tó bá ń pe ìyẹn ní ìṣúnná owó, kó wá ṣírò rẹ̀ fún mi.

Mo ti gbọ́ èsì àwọn kan: oúnjẹ ni wọ́n jẹ jù, wọn kò ṣe eré ìmárale. Nínú ìdílé mélòó ni wọn ò ti rí ẹni tí kò sanra, tí kì í mutí, tó sì jogún àtọ̀gbẹ ìyá rẹ̀? Kódà ká ní ẹ̀bi wà, a kì í fi àìsàn jẹ àgbà níyà.

Èsì tó yẹ ká dúró lé lórí ni ti àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn fúnra wọn. Wọ́n ní owó ìwádìí ló ń mú kí oògùn wọ́n, pé bí ìjọba bá dín iye rẹ̀ kù, kò ní sí oògùn tuntun lọ́la. Ẹ jẹ́ ká fi ínsúlínì dán ọ̀rọ̀ náà wò. Ní Toronto, ní ọdún 1921, ni Frederick Banting àti Charles Best bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó mú un jáde. Nígbà tó di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1923, ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní lórí àwárí náà, dọ́là kan péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn gbà lọ́wọ́ yunifásítì tí wọ́n gbé e fún. Ọ̀tọ̀ ni irú ínsúlínì tí wọ́n ń ṣe lónìí, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ínsúlínì Humalog ti ilé-iṣẹ́ Eli Lilly, nǹkan bí 21 dọ́là ni wọ́n ń ta ìgò rẹ̀ nígbà tó jáde ní ọdún 1996. Kí ọdún 2019 tó parí, ó ti wọ nǹkan bí 275 dọ́là. Oògùn kan náà, nínú ìgò kan náà. Ìwádìí wo ni wọ́n tún ṣe sí i láàárín àkókò yẹn tó fi jẹ́ ìlọ́po mẹ́tàlá?

Nígbà tó wá di oṣù Kẹta ọdún 2023, àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tó gba ọjà ínsúlínì mọ́wọ́, Eli Lilly, Novo Nordisk àti Sanofi, kéde tẹ̀lé ara wọn pé àwọn yóò gé owó àwọn ínsúlínì kan lulẹ̀, òmíràn ju ìdá méje nínú mẹ́wàá lọ. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún wọn. Èmi kò pàtẹ́wọ́, torí òfin kan tó ti jáde láti ọdún 2021 ti ń bọ̀ wá ṣẹ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, tó jẹ́ pé ẹni tó bá fi owó oògùn sílẹ̀ ní òkè, gbèsè ni yóò máa jẹ fún Medicaid, ètò ìlera àwọn tálákà. Òfin ló tún wọn ṣe. Bákan náà, Ozempic, oògùn àtọ̀gbẹ ti Novo Nordisk, tí wọ́n ń ta ní 969 dọ́là lóṣù ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2024, 59 dọ́là ni wọ́n ń tà á ní Jámánì nígbà yẹn. Wọ́n gbé iye méjèèjì yìí ka iwájú ọ̀gá àgbà Novo Nordisk nílé aṣòfin àgbà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Ilé-iṣẹ́ náà kò gbé ọjà rẹ̀ kúrò ní Jámánì.

Bí a ti rí òfin tó gbẹ́ kòtò, bẹ́ẹ̀ la rí èyí tó dí i. Òfin ìlera ti Obama ní ọdún 2010 bẹ̀rẹ̀ sí í bù yẹ̀pẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ìbò 51 sí 50 nílé aṣòfin àgbà, tí igbákejì ààrẹ, Kamala Harris, fi tirẹ̀ já ọ̀mì, ló gbé òfin tí Biden fọwọ́ sí lọ́jọ́ 16 oṣù náà jáde. Kò sí ẹyọ ìbò kan láti ẹgbẹ́ Rìpọ́blíkà. Láti ọdún 2023, ínsúlínì oṣù kan kò ju 35 dọ́là lọ fún ẹni tó wà ní Medicare. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2025, kòtò náà kò sí mọ́, owó tí àgbà lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ san lórí oògùn ní ọdún yẹn kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 2,000 dọ́là. Wọ́n tún tú okùn tí wọ́n fi de ọwọ́ ìjọba ní ọdún 2003. Nínú oògùn mẹ́wàá tí Medicare kọ́kọ́ ná, mẹ́rin ni alátọ̀gbẹ ń lò: Januvia já láti 527 dọ́là sí 113 fún oṣù kan, Jardiance láti 573 sí 197, Farxiga láti 556 sí 178.50, ínsúlínì Fiasp àti NovoLog láti 495 sí 119. Iye tuntun wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026. Fún ogún ọdún gbáko, wọ́n ń sọ fún wa pé ohun yìí kò ṣeé ṣe.

Síbẹ̀ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, àròpín owó ìfẹ̀yìntì Social Security kò pé 2,000 dọ́là lóṣù. Òdiwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀ yẹn ju odindi owó oṣù kan lọ. Wọ́n ní àgbà lè pín in san lóṣooṣù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àfi bó bá kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rẹ̀, ta ló sì ń sọ fún un? Ìrànwọ́ míì tí wọ́n ń pè ní Extra Help wà fún àwọn tí owó wọn kéré, ó sì ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ tó tọ́ sí nítorí wọn kò mọ̀ ọ́n. Ẹ béèrè méjèèjì fún àwọn òbí yín. Ẹni tó bá sì ń gbèrò láti kó ẹrù padà sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta kó rántí pé Medicare kì í sanwó oògùn ní òkè òkun, bó tilẹ̀ ti fi ọgbọ̀n ọdún san owó orí níhìn-ín. Ìyá tí ọmọ fi green card mú wá láti ilé, tí kò ṣiṣẹ́ níhìn-ín rí, gbọ́dọ̀ gbé ibí fún ọdún márùn-ún gbáko kó tó lè ra Medicare. Ṣúgà kì í dúró de ọdún márùn-ún.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn tó wà láàárín ọdún 62 sí 65. Ọmọ ọdún 62 lè bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìfẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n Medicare ní kó lọ dúró fún ọdún mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti bàjẹ́ nínú gbígbé aláìsàn kò lè dúró lẹ́nu iṣẹ́ torí ìnṣọ́ránsì. Ètò COBRA yóò jẹ́ kó máa lo ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ fún oṣù méjìdínlógún, bó bá lè dá gbogbo owó rẹ̀ san, pẹ̀lú ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Bó bá lọ ra ti Obamacare, òfin gba àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì láàyè láti bù ú ní ìlọ́po mẹ́ta owó ọ̀dọ́, ìrànwọ́ tí ìjọba sì fi kún un láti ọdún 2021 ti dópin ní ìparí ọdún 2025. Dọ́là 35 ti ínsúlínì kò kàn án, torí nínú àbá òfin ọdún 2022 yẹn, ìlà kan wà tí ì bá fi òdiwọ̀n kan náà lélẹ̀ fún ẹni tó ń lo ìnṣọ́ránsì aládàáni. Àwọn 57 nílé aṣòfin àgbà fẹ́ kó dúró. Ìbò 60 ni wọ́n nílò. Àwọn 43 kọ̀, wọ́n sì yọ ìlà náà kúrò. Orúkọ àwọn 43 náà wà nínú àkọsílẹ̀ ilé. Kí ẹni tó bá wá tọrọ ìbò yín kọ́kọ́ sọ bóyá òun yóò dá ìlà yẹn padà, kó sì sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn.