Ẹ Má Yọ Òfin Òwú

Ọ̀fà jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n eré ogun orí omi ni àwọn ọmọ ilé wa ń ṣe lọ́sàn-án Sátidé. Tábìlì ni òkun wọn, páálí ni ọkọ̀ wọn. Kí ọkọ̀ tó yìnbọn, wọ́n á na òwú láti ẹnu ìbọn dé ara ọkọ̀ ọ̀tá. Bí òwú bá kan ọkọ̀ mìíràn tàbí ilẹ̀ lọ́nà, ìbọn ò gbọdọ̀ dún. Àbúrò ìyàwó mi bínú nígbà tí òwú gba ara ọkọ̀ ẹgbẹ́ tirẹ̀ kọjá. Ó ní kí wọ́n yọ òfin náà, pé ó ń mú eré falẹ̀. N kò gbà rárá.

Ẹ wo Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Bloodhound àti Teaser, wọ ọ̀sà láti lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè. Teaser fi ìdí kan iyanrìn. Ọkọ̀ tó bá há bẹ́ẹ̀ kò lè yí ẹ̀gbẹ́ padà mọ́. Ìbọn rẹ̀ kò ní lè kọjú sí gbogbo ibi tó bá fẹ́. Àwọn ìbọn ńlá Kòsọ́kọ́ sì wà létí omi. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní láti sọ̀ kalẹ̀ lọ ba ìbọn wọ̀nyẹn jẹ́, ẹ̀mí sì lọ sí i. Ta ló rí ta, láti ibo, ni gbogbo ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, ohun tí òwú sì ń wọ̀n nìyẹn.

Kí olùkọ́ ìtàn ya ọ̀sà Èkó sórí páálí, kó gbé Teaser lé iyanrìn, kó sì na òwú fún àwọn ọmọ.