Owó Ìrànwọ́ Àgbẹ̀: Àmáánà Ni, Kì í Ṣe Sàárà Ìkọ̀kọ̀

Ọlọ́hun Ọba pa á láṣẹ fún àwọn onígbàgbọ́ òdodo nínú Súrà Al-Baqarah, áyà 282, pé bí gbèsè bá wà láàrin ènìyàn méjì, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí akọ̀wé tí ó kọ ọ́ jẹ́ olódodo, kí ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀. Áyà yìí ni ó gùn jù lọ nínú Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé. Bí owó ẹni méjì bá gba irú ìṣọ́ra báyìí, mélòó-mélòó ni owó tí ó jẹ́ ti gbogbo ìlú!

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi ra ajílẹ̀, tí ó sì ń tà á ní ẹ̀dínwó ní orúkọ àgbẹ̀. Nígbà tí Akinwumi Adesina di Mínísítà fún Ètò Ọ̀gbìn ní 2011, ó sọ ọ́ ní gbangba pé nínú 100 àgbẹ̀, 11 péré ni ajílẹ̀ náà ń dé ọwọ́ wọn. Ní 2012, ètò mìíràn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀, ìwé àṣẹ ìgbàjílẹ̀ sì ń wọlé sórí fóònù wọn. Nínú iye owó ajílẹ̀, ìjọba àpapọ̀ yóò san ìdá 25 nínú 100, ìjọba ìpínlẹ̀ ìdá 25, àgbẹ̀ yóò sì san ìdá 50 tí ó kù. Ètò náà gé ọwọ́ ọ̀pọ̀ alárinà. Ṣùgbọ́n fóònù kò lè rọ́pò ojú ará abúlé, nítorí ará abúlé ni ó mọ ẹni tí ó ní oko àti ẹni tí kò ní ebè kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìkẹjà àti Agége pẹ̀lú. Láyé àtijọ́, oko obì àti kòkó ni Agége. Ilé iṣẹ́ ni ó gba ibẹ̀ lónìí. Ọ̀dọ́ tí ó ń ṣe iṣẹ́ òru níbẹ̀ kò dáko, ṣùgbọ́n wọ́n ń yọ owó-orí nínú owó oṣù rẹ̀. Bí ajílẹ̀ bá yà sí ọjà òkùnkùn, oúnjẹ yóò tún gbówó lórí mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó san gbèsè olè tí kò mọ̀ rí.

Àwọn kan lè sọ pé ìkọ̀kọ̀ ni ìtọrẹ dára jù. Òótọ́ ni, bí olówó bá ń fi owó ara rẹ̀ tọrẹ. Ṣùgbọ́n owó Baitul-Mál kì í ṣe owó ẹnì kan. Ẹni tí ó bá pín ohun gbogbo ènìyàn ní ìkọ̀kọ̀ ti fi ara rẹ̀ sí ipò ìfura. Àwọn àfáà máa ń sọ ìtàn Khalífà Umar, tí ọkùnrin kan kọ̀ láti gbọ́ràn sí lẹ́nu títí yóò fi ṣàlàyé bí aṣọ tirẹ̀ ṣe ju ìpín ẹnì kan lọ. Khalífà kò bínú. Ó pe Abdullah ọmọ rẹ̀, ẹni tí ó jẹ́rìí pé òun ni òun fi ìpín òun kún ti bàbá òun.

Òfin ilẹ̀ yìí pàápàá ti ṣí ilẹ̀kùn. Òfin Òmìnira fún Gbígba Ìròyìn ti 2011 fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, láìsọ ìdí tí ó fi ń béèrè, iléeṣẹ́ ìjọba sì gbọ́dọ̀ fèsì láàrin ọjọ́ 7. Ní 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ là á yé wa pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Àláúsà kò jìnnà sí àwọn ọ̀dọ́ Ìkẹjà. Kí wọ́n kọ̀wé pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́: àpò ajílẹ̀ mélòó ni ó wọlé, èló ni ìjọba san, ìjọba ìbílẹ̀ wo ni ó gbà á? Kí àwọn àgbẹ̀ náà sì béèrè pé kí wọ́n máa ka orúkọ àwọn tí ó gbà á ní ìpàdé wọn.

Ṣùgbọ́n ilé ni kí ẹ̀sọ́ ti kọ́kọ́ yọ. Ẹgbẹ́ Mùsùlùmí tí akápò rẹ̀ kì í ka ìṣirò owó fún ọmọ ẹgbẹ́ kò ní ẹnu láti fi bá ìjọba wí. Amòòkùn-ṣolè, bí ọba ayé kò rí ọ, Ọba ọ̀run ń wò ọ́. Kí Ọlọ́hun fi wá sínú àwọn tí ń ṣọ́ àmáánà. Àmín.